Kẹ́ ẹ tó ra ewé, ẹ ka owó ife kan: ọ̀rọ̀ lórí òwò tíì kékeré

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú àpéjọ, ẹ kú ooru náà. Mo rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fi ìwé fẹ́ ara wọn, mi ò ní pẹ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀ òwò tíì. Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́, ó ní ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ lo ti fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ tíì, Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an. Ẹni tó ti jẹ ọkà láàárọ̀ kùtù, ṣé kò ní wá nǹkan gbígbóná tí á fi là á ni?

Tíì kì í ṣe àlejò nílùú yìí. Ẹ lọ sí Sábó lálẹ́, ẹ máa rí àwọn àbọ́kí tó ń da tíì láti inú ife kan sí ìkejì látòkè réré kó lè hó. Ẹ wo oṣù ààwẹ̀ nígbà sààrì, ilé wo ni wọn kì í ti gbé omi kaná? Àwọn ọmọ LAUTECH tó ń kàwé mọ́jú, àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn ní ọsibítù Bowen, àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìlọrin tójú wọn ti ń kún fún oorun, gbogbo wọn ló ń wá nǹkan gbígbóná. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó máa rà á. Wọ́n ń rà á. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ta ni èrè ẹ̀ ń bọ́ sí.

Ẹni tó bá wá bá mi pé òun fẹ́ ta tíì, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé tíì wo? Torí òwò mẹ́ta ló wà nínú orúkọ kan yẹn. Ọ̀kan ni tíì gbígbóná téèyàn máa dúró mu lójú ẹsẹ̀. Òmíì ni èyí tó tutù tí wọ́n rọ sínú ike, zobo àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Òmíì tún ni ewé gbígbẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí oníbàárà á gbé relé lọ sè fúnra ẹ̀. Wọn ò jọra rárá o. Ẹni tó ń ta gbígbóná, ibi tó jókòó sí àti aago tó ń ṣí ló ń jẹ. Ẹni tó ń ta tútù, fírísà àti iná NEPA ló ń bá wọ̀yá ìjà. Ẹni tó ń ta ewé, NAFDAC àti ọ̀rá tó fi ń dì í ni wàhálà tiẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí wá fẹ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó mú fóònù jáde ẹ ó fi logo hàn mí, ó rẹwà, wọ́n fi àwọ̀ ewé àti góòlù yà á, páálí ti wà, page ti wà lórí Instagram, tíì nìkan ni ò tíì sí. Ẹ mú ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá bi mí, gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ewé lẹ máa padà tà, torí níbi gbígbóná lẹ ti máa rí ojú èèyàn bó ṣe ń mu ún. Ẹni tó bá mu ún ku ìlàjì tó rọra gbé e sílẹ̀, ẹ máa rí i. Ẹni tó ra ewé lọ sílé tí kò dùn mọ́ ọn nínú kò ní pè yín, kò kàn ní rà á mọ́ ni.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ ká ka owó ife kan ṣoṣo. Iye tí mo fẹ́ pè yìí, àpẹẹrẹ lásán ni o, ọjà ń yí lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá délé ẹ fi iye tí wọ́n bá dá yín lóhùn lọ́jà Arada rọ́pò ẹ̀. Páálí Lípítọ̀nù tó ní 100 nínú, ká pè é ní náírà 3,000, náírà 30 lórí ife kan nìyẹn. Kílò ṣúgà kan, ká ní 1,800, ẹni tó fẹ́ kó dùn dáadáa á mu tó gíráàmù 10, kílò kan á ṣe ife 100, ìyẹn náírà 18. Omi ńkọ́, àpò píọ́wọ̀tà kan ní sáṣẹ́ẹ̀tì 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, lítà 10 ni gbogbo ẹ̀, tí ife yín bá ń gba 25cl ife 40 lẹ máa rí níbẹ̀, tí àpò bá jẹ́ 400 a jẹ́ pé náírà 10 ni omi ife kan. Ife tí wọ́n ń mu tí wọ́n ń jù nù, 60. Gáàsì, ẹ fi 12 sí i torí ẹ ó máa gbé omi kaná léraléra, atẹ́gùn ojú títì ò sì ní jẹ́ kí iná dúró lójú kan. Mílíìkì, sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ká ní 200. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Náírà 330.

Ẹ wá wo ibi tówó yẹn gbà lọ. Nínú 330, ewé tíì fúnra ẹ̀ kó 30 péré, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mílíìkì nìkan kó 200. Tẹ́ ẹ bá ta ife yẹn ní 400, náírà 70 ló kù, inú 70 yẹn náà lẹ ti máa san owó ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, owó ọkọ̀, owó ọmọ tó ń bá yín ṣa ife. Ẹ ò rí i pé òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì mílíìkì lẹ jẹ́, wọn ò kàn san owó oṣù fún yín ni.

Ó dáa, ẹ yọ mílíìkì kúrò. Owó ife bọ́ sí 130. Ẹ fi atalẹ̀ tẹ́ ẹ gún sí i, kànáfùrù bí ẹyọ méjì, kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ká pe ìyẹn ní 20. Ó di 150. Ẹ tà á ní 300. Àádọ́jọ náírà lẹ jẹ lórí ẹ̀. Owó tó wọlé kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, èrè tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì. Mo rí ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ó mọ̀ pé àwọn ará ibí ò ní mu tíì tí ò ní mílíìkì. Àgbo tó korò bí nǹkan míì, tí ò ní ṣúgà tí ò ní mílíìkì, wọ́n ń mu ún láàárọ̀ wọ́n ń mu ún lálẹ́, ẹ wá ní tíì ni wọn ò ní mu! Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé atalẹ̀ àti kànáfùrù kaná létí títì láago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ kí òórùn ẹ̀ máa lọ, kẹ́ ẹ wo bí ọlọ́kadà ṣe máa páàkì. Ẹni tó bá fẹ́ mílíìkì, kò burú, kó san owó mílíìkì lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà kí ẹnu má baà dá yín lẹ́bi.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìṣirò yìí ni pé ewé ló kéré jù nínú ìnáwó, òun náà lèèyàn ń tọ́ wò lẹ́nu, síbẹ̀ ewé yẹn làwọn èèyàn wa kọ́kọ́ máa ń ṣahun sí. Báàgì kan, èèyàn méjì. Wọ́n á rì í bọnú ife àkọ́kọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á gbé e sórí àwo, tí kọ́sítọ́mà míì bá dé wọ́n á tún rì í bọ omi. Náírà 15 lẹ fi pamọ́ o. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ra ewé tó wọ́n ní ìlọ́po méjì, 30 náírà péré ló fi kún ife kan, gbogbo ẹni tó bá mu ún ló sì máa mọ̀ pé èyí yàtọ̀. Kò sí ibòmíì nínú òwò yìí tí náírà 30 ti lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún yín.

Omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo omi kànga tàbí borehole, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ dán an wò. Omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú ẹ̀, omi líle ni, ó máa ń jẹ́ kí tíì dúdú ṣókíṣókí láìlóòórùn, ẹ ó sì rí nǹkan kan bí èépá tó léfòó lójú ẹ̀. Ẹ lè fi ewé olówó iyebíye sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ máa bú ẹni tó ta ewé fún yín. Ìkejì ni pé tíì dúdú, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó o nínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Àwọn tó ń gbé kẹ́tù sórí èédú látàárọ̀ dalẹ́, ohun tí wọ́n ń tà nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá ti korò, ó ń mú ahọ́n le, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ da mílíìkì agolo àti ṣúgà lé e lórí. Ẹ rí bó ṣe ń lọ? Ewé tí ò dáa tàbí tí wọ́n sè jù ló ń sọ mílíìkì di dandan, mílíìkì ló sì ń jẹ èrè. Ẹ se omi sínú fúláàsìkì ńlá, kẹ́ ẹ máa pò ó ní ife kọ̀ọ̀kan bí èèyàn bá ṣe ń dé.

Búrẹ́dì àti ẹyin díndín, ẹ fi kún un tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀, àwọn tó ń ta tíì lálẹ́ mọ̀ pé indomí àti ẹyin ló ń gbé wọn ró. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń din ẹyin.

Ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí ńkọ́? Ẹni mẹ́wàá tí mo bá bi, mẹ́sàn-án á ní Under G, torí ibẹ̀ làwọn stúdẹ́ǹtì wà. Ó dáa, èmi náà mọ̀ pé wọ́n ń náwó. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ níbí, ẹ rántí ọdún 2016 sí 2017 nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ owó LAUTECH, tí yunifásítì yẹn wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn tó ń ṣe fótókọ́pì, àwọn onílé tó kọ́ họ́sítẹ̀ẹ̀lì, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tójú wọn rí. Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ méjì yẹn ti parí, ti Ọ̀yọ́ nìkan ni LAUTECH báyìí láti 2020, ṣùgbọ́n ọlidé ò ní tán nílẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ kan sí Under G, kẹ́ ẹ fi ìkejì síbi tí èèyàn ò ti ń gba ọlidé, gáréèjì, ọsibítù, ìdí mọ́ṣáláṣí ńlá, àwùjọ àwọn mẹkáníìkì. Ẹ tún wo ojú ọjọ́. Nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò ni tíì gbígbóná ń tà. Oṣù kẹta sí ìkẹrin, nígbà tí ooru bá ń jó èèyàn lára n'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ má wulẹ̀ tan ara yín, èyí tó tutù ni wọ́n ń wá.

[Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, dípò ká máa ra ewé, ṣé a ò lè gbin tíì fúnra wa níbí? Bàbá mi nílẹ̀ lọ́nà Ìkọ̀yí."]

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Igi tí wọ́n ń ká tíì lórí ẹ̀, Camellia sinensis lorúkọ ẹ̀, ibi gíga tó tutù tójò ti ń rọ̀ dáadáa ló fẹ́. Ní Nàìjíríà wa, orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàràbà ni wọ́n ti ń gbìn ín, lágbègbè Kákárà, ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ á sọ fún yín pé èèyàn máa ń wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án. Ògbómọ̀ṣọ́ ò tutù tó bẹ́ẹ̀. Bàbá yín á náwó sí i, igi yẹn á kàn máa wò yín ni. Igi kan náà yẹn ló ń di tíì dúdú, òun náà ló ń di green tea, ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yàtọ̀. Ti dúdú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ya, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn bá a jà kó pọ́n kó tó gbẹ. Ti green tea, iná ni wọ́n á tètè fi pa á lójú kó má baà pọ́n. Ìdí nìyẹn tí green tea ò fi fẹ́ omi tó ń hó gùdùgùdù, ó máa korò. Ẹ po ife omi híhó mẹ́rin pọ̀ mọ́ ife omi tútù kan, ìgbóná ẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 85 lórí ìwọ̀n Celsius, ìyẹn dáa.

Èyí tó wà nínú báàgì táà ń pè ní Lípítọ̀nù, ewé tí ẹ̀rọ ti lọ̀ wẹ́wẹ́ ni, ó ń tètè yọ àwọ̀, kò níṣòro. (Lipton yẹn, orúkọ ọkùnrin kan ni o, Thomas Lipton ará Glasgow, oúnjẹ ló ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù láti 1871, ní bíi 1890 ló tó wọnú òwò tíì, tó lọ ra oko ní Ceylon, tí wọ́n ń pè ní Sri Lanka báyìí. Ẹ ò rí i pé òun náà kọ́kọ́ fi ojú ara ẹ̀ rí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ ná.) Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra ewé tí wọn ò lọ̀, ẹ má ra kílò kan lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ ra díẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á, kó máa dún pápá, kó má rọ̀. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn bí àpò èèlò tàbí bí kẹrosíìnì ẹ dá a padà, torí ewé tíì máa ń fa òórùn nǹkan tó bá wà nítòsí ẹ̀ ni, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé tiyín náà sí tòsí ẹja gbígbẹ àti ìrú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá yín ò tíì parí. Koríko ọba, èyí táwọn míì ń pè ní ewé tíì, ó ń hù níbí bí ẹni fọ̀bẹ gé e sọ́nà. Efinrin ń hù. Atalẹ̀ á ṣe. Ẹ gbin ìyẹn. Ní 2023 àrùn kan wọ oko atalẹ̀ ní gúúsù Kàdúná, níbi tí atalẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí ti ń wá jù, oko rẹpẹtẹ ló run, owó atalẹ̀ sì fò sókè débi pé àwọn tó ń ta tíì alátalẹ̀ ń da omi sí i. Ẹni tó ní ẹ̀bù díẹ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà yẹn ló rẹ́rìn-ín.

Ká tún wá sọ ti sísá, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́. Koríko ọba, ẹ má sá a sójú oòrùn gangan lórí pápá àti lórí ọ̀dà. Òórùn ẹ̀ lẹ ń tà, oòrùn á sì gbé òórùn yẹn lọ, á ṣẹ́ ku koríko lásán. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e kúkúrú bí ìgùn ìka, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí nẹ́ẹ̀tì níbi tó níbòòji tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń yá, ọyẹ́ tiwa níbí ò ṣeé fi wé ti Èkó, ó máa gbẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Nígbà òjò, oṣù keje, ìkẹjọ, ẹ ṣọ́ra gidi, torí ewé máa jọ pé ó ti gbẹ lójú, àárín ẹ̀ ṣì tutù, ẹ ó dì í sínú ọ̀rá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti hu funfun. Ẹ mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ ká a. Tó bá tẹ̀, kò tíì gbẹ. Tó bá dá pẹ̀ẹ́, ó ti gbẹ. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á sá èyí tó máa lò títí di oṣù kẹsàn-án láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, á sì kó o sínú dúrọ́ọ̀mù oníbò tí kò gba afẹ́fẹ́, níbi tí iná oòrùn ò ti kàn án.

Zobo, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ó ń tà, ó ń yá tà, ó sì ń yá bàjẹ́. Tí iná ò bá sí fún ọjọ́ kan, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ike nìyẹn, ìdérí á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ ṣe ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa tà tán lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣa ike tí wọ́n ti mu omi inú ẹ̀ sílẹ̀ níbi òde ìnáwó tẹ́ ẹ lọ ń fọ̀ láti rọ zobo sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́. Mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni o.

Tó bá wá jẹ́ ewé gbígbẹ lẹ fẹ́ dì tà, ìyẹn lẹ̀ ń wọ ọ̀rọ̀ ìjọba. Orúkọ bísínẹ́ẹ̀sì, CAC ni, àjọ ìjọba tó ń forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, orí fóònù lẹ lè jókòó sí ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan gba ìlọ́po mẹ́ta owó ẹ̀ lọ́wọ́ yín pé òun mọ ènìyàn ní Àbújá. Oúnjẹ tí wọ́n bá dì tí wọ́n fẹ́ máa tà fáráàlú gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, ọ́fíìsì wọn wà n'Íbàdàn, wọ́n á wá wo ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, wọ́n á yẹ ọjà náà wò. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé kíṣìnì tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá ò lè ṣe é. Ara páálí gbọ́dọ̀ gbé orúkọ, àdírẹ́sì, ohun tó wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n, ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Àwọn tó ń ta gbígbóná lójú títì, àwọn wolé-wolé lẹ máa bá pàdé, ẹ jẹ́ kí ife mọ́, kẹ́ ẹ bo ṣúgà, kẹ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara táwọn tó ń ta oúnjẹ máa ń ṣe.

Ọ̀rá tẹ́ ẹ máa dì í sí, ẹ ka owó òun náà bí a ṣe ka ti ife. Gíráàmù 2 ló ń ṣe ife kan, ọ̀rá gíráàmù 50 á ṣe ife 25. Tẹ́ ẹ bá lo èyí tó ní síìpù tó sì dúdú nínú, ọ̀rá àti sítíkà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó koríko ọba tó wà nínú ẹ̀. Kò burú, torí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí èèyàn ń rí inú ẹ̀, ojú lẹ fi tà á, ìmọ́lẹ̀ á ti jẹ ewé inú ẹ̀ tán kó tó kúrò lórí sẹ́ẹ̀fù. Ẹ kàn fi í sínú iye tẹ́ ẹ ń tà. Kẹ́ ẹ sì ra síkéèlì kékeré tó ń wọn gíráàmù kọ̀ọ̀kan, ìfọwọ́bù ò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó ń bí mi nínú. Ẹ má kọ ọ́ sára páálí pé tíì yín ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ìbà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń jẹ́ kí obìnrin lóyún. NAFDAC ò gbà á, èmi náà ò gbà á. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ewé senna ló wà nínú ẹ̀, mọ̀lẹ́bí asunwọ̀n tiwa ni. Ilé ìgbẹ́ ló ń rán èèyàn lọ. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́, omi ara ẹ̀ ló ń sọ nù, ikùn yẹn wà níbi tó wà. Ti zobo, àwọn oníwàádìí rí i pé ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ìdí gan-an nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa sọ fún ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pé kó bi dókítà ẹ̀ léèrè ná, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún aboyún bákan náà. Ẹ tà á pé ó dùn. Dídùn ò nílò ẹlẹ́rìí.

[Ọmọbìnrin kan bèèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ yáwó lọ́wọ́ àwọn gbómúlélántà kí n fi ra fírísà àti kíóòsì. Kí lẹ rí sí i mà?"]

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé mo ní rárá. Owó yẹn ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o, ọlidé dé o, ọjọ́ Mọ́ńdè wọ́n á wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Òwò tẹ́ ẹ ò tíì mọ oṣù tó ń tà àti oṣù tí kò ń tà, ẹ ò lè fi gbé irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà nílé. Kẹ́tù wà, sítóòfù wà, ẹ lè yá tábìlì. Fúláàsìkì ńlá méjì, páálí Lípítọ̀nù kan, kílò ṣúgà kan, atalẹ̀, kànáfùrù, ife, omi. Tó bá wọ́n, ẹ kọ́kọ́ dá àjọ fún ìwọ̀nyí. Ẹ wá ṣọ́ àwìn, torí ife tíì jẹ́ nǹkan tó kéré débi pé ojú á máa ti èèyàn láti bèèrè owó ẹ̀, "màá fún yín lọ́la, àǹtí," ọ̀la mẹ́wàá ti di 3,000, ọkùnrin yẹn náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà míì kó má baà rí yín, ẹ pàdánù owó ẹ pàdánù kọ́sítọ́mà. Èyí tẹ́ ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín bá mu, ẹ san owó ẹ̀ sínú àpótí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe é, mo kàn sọ ọ́ ni.

Ẹ gbé ìwé kékeré kan sápò, kẹ́ ẹ máa kọ iye ife tó tà láàárọ̀ àti iye tó tà lálẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ọ̀la ẹ kọ ọ́, ti ọ̀tunla ẹ kọ ọ́, tójò bá rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Tó bá tó oṣù méjì tẹ́ ẹ ti ń kọ ọ́, ẹ máa mọ̀ bóyá kíóòsì yẹ yín, ẹ̀gbọ́n yín náà á mọ̀.

Ó ku nǹkan kan. Mo gbé fúláàsìkì mẹ́ta wá, wọ́n wà lórí tábìlì lọ́hùn-ún, ewé kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan, omi kànga ilé tí mo dé sí ni mo fi sè é. Ọ̀kan, omi píọ́wọ̀tà. Ìkẹta, omi píọ́wọ̀tà náà ni, àmọ́ mo jẹ́ kí ewé pẹ́ nínú ẹ̀ láti ìdájí. Mi ò kọ èyí tó jẹ́ èwo sí wọn lára, kò sì sí ṣúgà níbẹ̀. Ẹ tò wá ní méjì-méjì, ẹ má tì ara yín, ẹ tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ sọ fún ọmọ tó jókòó síbẹ̀ èyí tẹ́ ẹ máa fi 300 rà.